Ọwọ́ ọmọ, ẹnu ọmọ: ọgbọ́n ìkọ́ni fún kíláàsì àwọn ọmọdé ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi

Tíṣà kíláàsì ọmọ ọdún 6 sí 8, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ kíláàsì jẹ́ ni pé a máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ tán, ká tó wá pín àwòrán fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa kùn ún, kí ariwo wọn má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Ọmọ á kun aṣọ Dáfídì ní pupa, á sì délé láìmọ ohun tí Dáfídì ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára, òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn ò gbọdọ̀ lè dúró.

Ẹ wo òwe afúnrúgbìn nínú Máàkù 4, níbi tí irúgbìn ti bọ́ sórí ilẹ̀ mẹ́rin: ẹ̀bá ọ̀nà, orí àpáta, àárín ẹ̀gún àti ilẹ̀ rere. Ẹ wá ike bọ́tà mẹ́rin, kí ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́ta sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkínní, amọ̀ tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi le bí ojú ọ̀nà. Èkejì, òkúta wẹ́wẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un, kí ẹ wá bu erùpẹ̀ tó nípọn bí ìka kan lé e lórí. Ẹ̀kẹta, erùpẹ̀ tí ẹ ti gbin koríko sí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tòun ti gbòǹgbò. Ẹ̀kẹrin, ilẹ̀ dúdú láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀wà mẹ́fà mẹ́fà ló máa wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti orí amọ̀, ẹ má rì í mọ́lẹ̀ rárá. Ẹ gbé e síbi tí adìyẹ ti ń jẹ̀. Adìyẹ á ṣà á jẹ lójú wọn, kò sì sí ọmọ tó máa gbàgbé ìyẹn.

Ẹ̀wà máa ń hù láàárín ọjọ́ 3 sí 5, nítorí náà ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n á rí i. Omi kan náà ni kí ẹ bù fún gbogbo wọn, bí ìdajì ife, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ti orí òkúta lè kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó ń ṣe dáadáa, kí ẹ má ṣe dààmú, bí Jésù ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn. Erùpẹ̀ rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ló máa kọ́kọ́ gbẹ. Ti àárín koríko ló ń pẹ́ jù, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó hàn pé kò lókun, ẹ má sì parí òwe yìí lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ kì í sábà hù. Ẹ da ẹ̀wà sómi lálẹ́ Sátidé, kí ẹ sọ èyí tó bá léfòó nù. Ike tí kò níhò máa ń dá omi dúró, ẹ̀wà á sì jẹrà. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin máa ń ti ẹ̀wà bọ imú, torí náà tíṣà ni kó bá wọn gbìn ín.

Àjàrà inú Jòhánù 15 náà ń kọ́, níbi tí Jésù ti ní ẹ̀ka tí kò bá dúró lára àjàrà á gbẹ? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ò rí ìtàkùn àjàrà rí. Ẹ lo elégédé. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó wọn lọ sídìí rẹ̀, kí ẹ gé ẹ̀ka kan tó ní ewé bíi mẹ́rin, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ ò gé. Kí ẹ tó ṣàdúrà ìparí, ewé rẹ̀ á ti rọ jọwọlọ. Lọ́jọ́ òjò kì í tètè rọ. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gé e kí ìsìn òwúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí elégédé nítòsí, ẹ gbin ín sínú àpò sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní oṣù kan ṣáájú.

Alámòójútó ẹ̀ka àwọn ọmọdé, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun mà, Olúwa á bù kún un yín. Ọ̀rọ̀ tèmi dá lórí ìtàn sísọ. Àwọn tíṣà kan ti ń fi “Àlọ́ o!” bẹ̀rẹ̀ ìtàn Bíbélì kí àwọn ọmọ lè dáhùn. Ó ń dùn, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Lédè wa, àlọ́ ni ti Ìjàpá àti Yánníbo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ìtàn là ń pè é. Ọmọ tó bá gbọ́ “Àlọ́ o!” á fi Mósè sínú àpò kan náà pẹ̀lú Ìjàpá. Ègbè nìkan ni kí ẹ yá lọ́dọ̀ àlọ́. Kó má ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ, kó sì wọlé lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, níbi tí ìtàn ti yí padà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, orin á gba ìtàn mọ́ yín lọ́wọ́.

Fún odi Jẹ́ríkò, páálí òfìfo 12 ti tó: mẹ́fà nísàlẹ̀, mẹ́rin lé e, méjì lókè. Kó má ga ju àyà ọmọ tó kúrú jù lọ. Ẹ so okùn mọ́ àwọn páálí àárín nísàlẹ̀, kí tíṣà di orí okùn mú. Ìgbà kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, ìgbà méje lọ́jọ́ keje: ìgbà 13 ni wọ́n á yí i ká. Ọmọ méje á máa fun fèrè tí ẹ fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ ká, àwọn tó kù ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí nínú Jóṣúà 6:10, Jóṣúà ní kí àwọn ènìyàn dákẹ́ títí òun á fi ní kí wọ́n hó. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ìgbọràn, ẹ má sáré kọjá rẹ̀. Kí gbogbo wọn ti bọ́ sí òdìkejì ibi tí okùn wà kí wọ́n tó hó, kí ẹ wá fà á. Bí ẹ bá jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ti odi náà, ẹ ti kọ́ wọn ní nǹkan mìíràn. Ìgbà méje ti tó fún àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5.

Olùdarí akọrin, Èkó

Nípa fífi akọ́sórí kọrin: ẹ má fi ohùn orin òyìnbó wọ̀ ọ́. Ohùn orin tó bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ á sọ ọkọ̀ Nóà di ọkọ́ Nóà, ọmọ á sì máa bi yín pé oko wo ni Nóà ń ro. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Marina láti 1914 di 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí kí orin ìjọ máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹ ka ẹsẹ náà sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹnì kan fi gángan tẹ̀lé e. Ohun tí ìlù bá sọ, òun ni orin yín.

Tíṣà, Peckham, London

Dò-re-mí ló ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú Sáàmù 23: Olúwa, re-mí-re, olùṣọ́, re-dò-mí, àgùtàn, dò-dò-dò. Sáàmù 119:105 ló gba ìṣọ́ra jù. Ọ̀pọ̀ wọn á ka “fìtílà fún ẹsẹ̀ mi” bíi “ẹ̀ṣẹ̀ mi”. Ẹ fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹ bá débẹ̀, ẹnu wọn á yàtọ̀. Ẹ ní kí ìyá àgbà ilé ka ẹsẹ náà sórí WhatsApp, bíi ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ọmọ máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Bó bá gùn jù, wọn ò ní tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Tíṣà kíláàsì ọmọ ọdún 9 sí 12, Òṣogbo

Ẹni tó bá fẹ́ lẹ bébà mọ́ páálí Jẹ́ríkò, kò nílò gúlúù ọjà. Ẹ po ṣíbí ìmùkọ méjì sítáàṣì gbígbẹ pẹ̀lú ìdajì ife omi tútù títí kókó ò fi sí nínú rẹ̀, kí ẹ tó da ife omi kan ààbọ̀ tó ń hó sí i, kí ẹ máa rò ó títí á fi ki. Bó bá kọ̀ tí kò ki, ẹ gbé e padà sórí iná fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kejì ló ti ń kan, torí náà ìwọ̀n tó tó lò ni kí ẹ rò. Kí ẹ sì gbé páálí náà jìnnà sí ilẹ̀, aáyán fẹ́ràn sítáàṣì.