Káàdì wà lọ́wọ́, dókítà ńkọ́? Ìrírí wa pẹ̀lú Medicaid ní Amẹ́ríkà

Ìyá Ìbejì, Hyattsville, Maryland

Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹlòmíì lè rí ẹnu sọ tiẹ̀.

Oyún àwọn ìbejì ló wà nínú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ gba Medicaid, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Gíríìnì káàdì wa kò tíì pé ọdún kan. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1996 ní kí ọ̀pọ̀ àgbà tó ní gíríìnì káàdì dúró ọdún 5 kí wọ́n tó lè gba Medicaid, ṣùgbọ́n Maryland kì í jẹ́ kí aláboyún àti ọmọdé dúró. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní yàrá ìdáná.

Kò pẹ́ tí ìwé kan wọlé, ó nípọn, àwòrán ìyá àti ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ló kún ara rẹ̀. Mo rò pé ìpolówó ọjà ni, irú ti ẹlẹ́ran àti oníbẹ́ẹ̀dì tó máa ń kún inú àpótí lẹ́tà wa. Mo jù ú nù. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti ní kí n mú ilé iṣẹ́ adójútòfò kan nínú àwọn tí wọ́n to síbẹ̀! Èmi rò pé ìjọba ló ń sanwó fún dókítà tààrà. Rárá o. Láti 1997 ni Maryland ti kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó wà lórí Medicaid sábẹ́ ètò tó ń jẹ́ HealthChoice. Iye kan ni ìjọba ń san lóṣooṣù fún ilé iṣẹ́ náà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ ni yóò wá bá dókítà ṣe àdéhùn.

Èmi ò mú, wọ́n bá mi mú. Bọ́ọ̀sì 2 àti tíréènì 1 ni mo máa wọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà tí wọ́n kọ sára káàdì mi, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti wú. Mo mú ìwé orúkọ àwọn dókítà tó kù, mo ń pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ti fẹ̀yìn tì. Èkejì ní òun kò gba aláìsàn tuntun. Ẹ̀kẹta, ọkùnrin tó ń tún ọkọ̀ ṣe ló gbé e, ó ní èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa béèrè dókítà lọ́wọ́ òun.

Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló là mí lójú. Ó ní láàárín 90 ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi èèyàn sí ilé iṣẹ́ kan, ó lè kúrò níbẹ̀ láìṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, àfi tó bá ní ìdí pàtàkì. Mo ka oṣù, mo ka ọjọ́: mo ti lo 71. Wọ́n fi orin dá mi lóhùn lórí fóònù fún ogójì ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n mo rí dókítà tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bàbá Nashville

Ẹ kú oríire àwọn ìbejì o. Èmi ti wà ní Tennessee láti 1988. Láyé ìgbà yẹn, dókítà á tọ́jú ẹ, á fi ìwé owó ránṣẹ́ sí ìjọba. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ayé ìgbà yẹn dùn o. Owó tí ìjọba ń san kéré, ọ̀pọ̀ dókítà ni kì í fẹ́ rí oníMedicaid sójú.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1994, ìpínlẹ̀ wa kó gbogbo oníMedicaid lọ sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n pè é ní TennCare. Èrò wọn ni pé tí wọ́n bá ń san iye kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó kò ní máa fò sókè mọ́, kí wọ́n fi èyí tó bá kù gba àwọn tí kò ní nǹkan kan wọlé. Èmi wà lára àwọn tí kò ní nǹkan kan. Takisí ni mo ń wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, nítorí náà ẹ má retí pé kí n bú u.

Àwa kọ́ la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Arizona ò tiẹ̀ ní Medicaid rárá títí di 1982, bẹ́ẹ̀ 1965 ni Ààrẹ Johnson ti fọwọ́ sí òfin náà; ìgbà tí wọ́n sì máa bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1997, ilé aṣòfin àpapọ̀ wá mú un rọrùn fún ìpínlẹ̀ láti sọ ọ́ di dandan. Lónìí, nínú èèyàn 4 tó wà lórí Medicaid, nǹkan bí 3 ló wà lọ́wọ́ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó ò dúró síbi tí wọ́n ní kó dúró. Ní 2005, Bredesen, gómìnà wa nígbà yẹn, yọ àgbàlagbà tó lé ní 150,000 kúrò lórí TennCare. Mo ti rí iṣẹ́ tó ní ìdójútòfò tirẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn tá a jọ ń wa takisí ò rí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Ní Texas níbí, àwọn ọmọ mi wà lórí ètò STAR, ìyẹn Medicaid tó wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò. Èmi àti ìyá wọn ò ní nǹkan kan, torí ìpínlẹ̀ yìí kọ̀ láti lo òfin Obama tó máa jẹ́ kí àgbà bíi tiwa wọlé. Tí ibà bá mú mi, àgbo ni.

Ọmọ mi kejì ò tètè sọ̀rọ̀. Màmá mi nílé ní kí a fi í sílẹ̀, pé èmi náà pẹ́. Dókítà ò gbà, ó wá ẹni tó máa kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. (Ẹnì kan gbà wá níyànjú pé kí a má sọ Yorùbá sí i mọ́. Ìyàwó mi wo ẹni náà títí, kò fèsì.) Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í so ọ̀rọ̀ pọ̀. Ni lẹ́tà bá dé láti ilé iṣẹ́ náà pé àwọn ti dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan, pé kò pọn dandan. Ẹni tó kọ lẹ́tà náà ò rí ọmọ yìí rí láyé.

Ojú ewé kẹrin lẹ́tà náà ni wọ́n kọ ohun tó ṣe pàtàkì sí, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. 60 ọjọ́ ni mo ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè é láàárín ọjọ́ 10, tí àsìkò tí wọ́n ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ ò sì tíì tán, mo lè ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ìtọ́jú náà títí ẹjọ́ á fi parí. Ọjọ́ kẹjọ ni mo kà á. Mo sáré gbé e lọ bá dókítà, ó kọ ojú ìwé méjì. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n dá a padà sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ọmọ náà ti ń bá mi jiyàn báyìí, lédè méjèèjì.

Sísì Nọ́ọ̀sì, Baltimore

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mí lókò. Ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ni mo ti ń jẹun.

Iye tí ìjọba ń san fún ilé iṣẹ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹn, owó orí ni mo máa ń pè é. Kì í ṣe èyí tí àwọn bàbá wa ń san fún ìjọba o. Èyí, ìjọba ló ń san án lórí yín. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ ò lọ, owó ti wọlé. Tí àtọ̀gbẹ yín bá wá dé ojú ẹ̀ tẹ́ ẹ fi dèrò ọsibítù, ilé iṣẹ́ ló máa gbọ́n owó jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa pè yín, kí n bi yín bóyá ẹ ti lo oògùn, kí n wá ọkọ̀ tó máa gbé aláboyún lọ fún àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ ẹ kì í gbé fóònù! Ẹ máa ń rò pé ọmọ yàhúù ni mí.

Owó orí kan náà ló ń jẹ́ kí ẹnu yá ẹlòmíì láti sọ pé rárá. Àwọn alábójútó ìjọba àpapọ̀ yẹ ìwé ilé iṣẹ́ 115 wò: nínú ìbéèrè 8 tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 2019 láti gba àṣẹ ìtọ́jú, 1 ni wọ́n kọ̀. Ẹ ṣe bíi Ọmọ Ìjẹ̀bú.

Alájé, Lanham, Maryland

Kò sí ẹni tó ti pẹ́ ní Prince George's County wa níbí tí kò mọ ọ̀rọ̀ Deamonte Driver. Ọmọ ọdún 12 ni. Eyín kan ló jẹrà lẹ́nu rẹ̀, àrùn náà gun ọpọlọ lọ, ó kú ní oṣù kejì ọdún 2007. Nǹkan bí 80 dọ́là ni wọn ì bá fi yọ eyín náà. Ìyá rẹ̀ ti ń wá dókítà eyín tó máa gba Medicaid kiri fún àbúrò Deamonte ọkùnrin. Medicaid ti Deamonte gan-an ti já lójú ọ̀nà. Ní 2009, Maryland gba ìtọ́jú eyín kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ náà, ó dá a sọ́tọ̀. Èmi tí mo ń kó ọmọ mẹ́ta lọ fọ eyín báyìí láìsan kọ́bọ̀, mi ò lè jókòó ní yàrá ìdúró yẹn kí n má rántí rẹ̀.

Àgbà Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Mo ń ka tiyín, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo bá ọsibítù kan ṣiṣẹ́ nílé níbí, 750 náírà ni HMO, ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera ti ilé níbí, máa ń san fún wa tẹ́lẹ̀ lórí èèyàn kan lóṣooṣù, fún ọdún gbọọrọ. Tí aláìsàn bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kan, ojú ọ̀gá wa á ti yí padà. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́.

Ìyá Ìbejì, Hyattsville, Maryland

Ẹ ṣeun gan-an. Àgbà Mọ́kọ́lá, mo rẹ́rìn-ín títí.

Ohun kan ni mo gbàgbé. Nígbà kòrónà, ìjọba ò gbọdọ̀ kàn yọ èèyàn kúrò lórí Medicaid. Láti oṣù kẹrin 2023 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èèyàn, ó lé ní mílíọ̀nù 20 tí wọ́n yọ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ilé wa àtijọ́ ni lẹ́tà tiwa lọ. Ìdí àga dókítà ni mo ti gbọ́ pé àwọn ìbejì ò sí lórí ìwé mọ́, Kẹ́hìndé ti ká apá aṣọ sókè fún abẹ́rẹ́. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká tó padà.

Òmíì tún wọlé lánàá, ó nípọn, ìyá àti ọmọ tún ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀. Ìdí àpótí lẹ́tà ni mo ti já a kà nínú òtútù, ọ̀bẹ̀ wà lórí iná.