Nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège nígbà tí à ń wá ọmọ kejì: ohun tí ojú wa ti rí

Ìyá ọmọ kan

Ẹ̀yin arábìnrin mi, mo kí gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí mo mọ̀ pé a pọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ lọ́kàn tí a ò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún.

Àkọ́bí mi kò fún wa ní wàhálà. A ò ka ọjọ́, a ò lo oògùn, oyún dé. Ìgbà tí mo já a lẹ́nu ọmú tí a ní kí àbúrò rẹ̀ máa bọ̀ ni nǹkan oṣù mi yí padà pátápátá. Nígbà mìíràn á yọjú kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, nígbà mìíràn á wọ oṣù méjì kí n tó gbúròó rẹ̀. Ó lè kàn kán díẹ̀ kó lọ, ó sì lè dà débi pé n ò ní lè jáde nílé. Gbogbo ìgbà tó bá ti pẹ́ ni ọkàn mi máa ń sọ fún mi pé oyún ni, tí ẹ̀jẹ̀ bá wá dé, ara mi á wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ohun táwọn èèyàn ń sọ tún wà níbẹ̀. "Ṣebí o ti bí ọ̀kan." "Ṣé o kò mọye àwọn tí kò rí kankan bí ni?" Wọ́n fẹ́ tu èèyàn nínú ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni ọ̀rọ̀ yẹn ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́. Mo fẹ́ràn ọmọ mi, mo sì ń dúpẹ́ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyẹn ò ní kí ọkàn mi má fà sí òmíràn. Ẹni tó ti bímọ rí náà lè ní ìṣòro àtilóyún, àwọn dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹni tí kò bí rí wò.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ ìṣirò ọjọ́. Gbogbo wa la ti gbọ́ pé ọjọ́ kẹrìnlá ni ẹyin ń jáde. Ti ẹni tí oṣù rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28 gééré nìyẹn. Dókítà tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi mú bírò, ó fa ìlà gígùn kan sẹ́yìn fọ́ọ̀mù mi, ó fa kúkúrú kan sábẹ́ rẹ̀, ó wá fi ìka bo ìparí ìlà méjèèjì. Ó ní ibi tí òun bò yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà: láti ìgbà tí ẹyin bá ti jáde títí nǹkan oṣù tó kàn á fi dé, ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 12 sí 14 lára ọ̀pọ̀ obìnrin. Apá ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹyin tó jáde, ló ń gùn tó sì ń kúrú. Ẹni tí oṣù rẹ̀ bá gba ọjọ́ 40, ó ṣeé ṣe kí ẹyin rẹ̀ má jáde títí di nǹkan bí ọjọ́ 26, nígbà yẹn ààpù orí fóònù á ti sọ pé àsìkò ti kọjá. Oṣù mìíràn sì wà tí ẹyin ò ní jáde rárá, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ á wá.

Ìdí kan náà nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ progesterone (họ́mọ̀nù tó máa ń ga lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde) tí wọ́n ń pè ní ti ọjọ́ 21 kò fi bá gbogbo èèyàn mu. Ọjọ́ méje ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀ ló yẹ kí wọ́n gbà á. Tí oṣù èèyàn bá ń gùn, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 21, kí wọ́n máa gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí nǹkan oṣù á fi dé. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹyin yín ò jáde, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, kí ẹ tó sunkún.

Mo gbìyànjú temómítà náà. Ìgbóná ara máa ń lọ sókè díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde, kì í sábà ju ìdajì ìwọ̀n Celsius kan lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé èèyàn sùn dáadáa, kò sì tíì dìde lórí ibùsùn. Ìyá ọmọ kékeré wo ló ń sùn dáadáa? Tèmi á ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á gun àyà mi, á nawọ́ sí temómítà tó wà lẹ́nu mi pé kí n fi sí òun náà lẹ́nu. Mo pa á tì.

Èyí tó ṣe mí lóore ni kí n máa ṣàkíyèsí omi ojú ara. Bí ẹyin bá ti ń múra àtijáde, omi náà á mọ́ gaara, á máa yọ̀, á máa fà bíi funfun ẹyin adìẹ tútù. Àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún nǹkan bí ọjọ́ 5, ṣùgbọ́n ẹyin kì í ju wákàtí 24 lọ. Ìyẹn ni pé ìgbà tí omi yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ ni àsìkò, tó bá ti gbẹ, ó ti fẹ́ pẹ́ jù. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ wo nǹkan kan, bí tọkọtaya bá ń bára wọn sùn lọ́jọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, wọn ò ní ṣe àsìkò náà tì. Èmi gbádùn ìyẹn jù, torí kàlẹ́ńdà fẹ́ di ẹnì kẹta nínú yàrá wa.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kíkà nìkan ò tó. Nǹkan oṣù tó bá ń ṣe ségesège ní ohun tó ń fà á, ohun náà ló yẹ ká wá. Wọ́n máa ń sọ pé kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 35 gbìyànjú fún ọdún kan, kí ẹni tó ti pé 35 gbìyànjú fún oṣù mẹ́fà, kó tó lọ rí dókítà. Àwa tí oṣù wa ò dúró ò sí lára àwọn tí wọ́n ní kó dúró o. Ẹ tètè lọ.

Tèmi, táírọ́ìdì ni, ẹ̀yà ara kékeré kan níwájú ọrùn tó ń ṣe họ́mọ̀nù. Láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ, ó lè dàrú lára àwọn obìnrin kan, á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ jù, á wá falẹ̀. Tó bá falẹ̀, á máa rẹni, irun á máa já, ara á máa wúwo sí i, òtútù á máa muni, nǹkan oṣù á sì dàrú. Ẹ wo gbogbo ohun tí mo kà yẹn, èwo nínú wọn ni wọn kì í sọ fún ìyá ọmọ kékeré pé wàhálà ọmọ ló fà á? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ TSH, èyí tó ń fi bí táírọ́ìdì ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, ló gbé e jáde. Wọ́n fún mi ní levothyroxine, oògùn tó ń rọ́pò họ́mọ̀nù táírọ́ìdì, nọ́ọ̀sì tó kó o fún mi sì tẹnu mọ́ ọn pé kí n máa lò ó láàárọ̀ kí n tó jẹun, kí n sì fi wákàtí mẹ́rin jìnnà sí fítámì aláboyún, torí iron àti calcium inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí oògùn náà wọ ara bó ṣe yẹ. Ó ní bí mo bá lóyún, kí n tètè jẹ́ kí dókítà mọ̀, torí wọ́n sábà máa ń fi kún un.

Oṣù mi ti ń dúró báyìí. Oyún ò tíì dé. Mo ń retí rẹ̀, ọkàn mi sì fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá Akin

Àǹtí, ẹ kú ìnira. Ọlọ́run á dá yín lóhùn.

Tèmi, abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta ni. Ó bá mi lára mu dáadáa, n ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìda. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dá a dúró, nǹkan oṣù ò wá, ìgbà tó tún wá, ó kọ̀, kò lọ bọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ó ti ba ilé ọmọ mi jẹ́. Irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í sọ èèyàn di àgàn, ó kàn máa ń pẹ́ kó tó kúrò lára ni, ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kí ẹyin tó máa jáde déédéé. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun fẹ́ bí òmíràn láìpẹ́, kó rò ó mọ́ ọn nígbà tó bá ń yan irú èyí tó máa lò.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fọ́mọ lọ́mú lóru ńkọ́? Ìyẹn náà lè dí ẹyin lọ́wọ́. Kò pọn dandan kí ẹ já a lẹ́nu ọmú o, mo kàn ní kí ẹ fi sọ́kàn.

Ẹni tó ń retí

PCOS ni tèmi, àìsàn họ́mọ̀nù tí kì í jẹ́ kí ẹyin jáde déédéé. Bí mo ṣe bí àkọ́bí láìmọ̀ pé mo ní in yà mí lẹ́nu, àṣé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lára ọ̀pọ̀ wa: ẹyin ń jáde, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ̀ sórí tẹ́ẹ̀pù láti mọ ìgbà tí ẹyin máa jáde, ẹ gbọ́ o. Họ́mọ̀nù LH, èyí tó máa ń ga bí ẹyin bá fẹ́ jáde, ni tẹ́ẹ̀pù yẹn ń wá. Lára ẹni tó ní PCOS, LH lè ga láìṣe pé ẹyin fẹ́ jáde, ìlà méjì á máa yọ lójoojúmọ́, á sì máa tan èèyàn. Skánì ló là mí lójú.

Wọ́n kọ letrozole fún mi. Nígbà tí mo ṣí páálí rẹ̀, ìwé inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú, ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Ó ní lóòótọ́ ni, ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ lò báyìí láti mú kí ẹyin ẹni tó ní PCOS jáde, ọjọ́ márùn-ún péré sì ni wọ́n máa ń lò ó níbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ẹ má rà á fúnra yín. Wọ́n ní láti mọ̀ pé kò sí oyún nínú yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fi skánì ṣọ́ ọ, torí ẹyin lè jáde ju ẹyọ kan lọ.

Bàbá ọmọ kan

Ẹ má bínú pé ọkùnrin ni mí. Ìyàwó mi ló ní kí n wá kọ ọ́. Gbogbo wa gbà pé torí oṣù rẹ̀ ò dúró, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìṣòro wà. Dókítà ní kí èmi náà ṣe àyẹ̀wò àtọ̀, iye rẹ̀ sì kéré. Pé mo ti bímọ rí ò dí ìyẹn lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọkọ, àyẹ̀wò náà rọrùn ju gbogbo èyí tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ìyàwó wa lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá nìkan lọ.

Ìyá Akin

Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan. Tí èèyàn ò bá mọ ìgbà tó yẹ kí nǹkan oṣù dé, ìgbà wo ló yẹ kó ṣe àyẹ̀wò oyún?

Ìyá ọmọ kan

Àbúrò mi, ẹ ka ọjọ́ 21 láti ìgbà tí ẹ bára yín sùn kẹ́yìn, kí ẹ tó tọ̀ sí i. Tó bá ní kò sí, tí nǹkan oṣù ò sì tún dé, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ní ó wà, tí inú wá ń run yín gan-an lápá kan tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí oyún lè dúró sí ibi tí kì í ṣe inú ilé ọmọ.

Kí ẹ sì ti máa lo folic acid (irú fítámì kan) 400 micrograms lójúmọ́ láti ìsinsìnyí. Láàárín oṣù àkọ́kọ́ tí oyún bá dúró ni ohun tó máa di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ń dì pọ̀, irú àwa tí oṣù wa ò dúró yìí sì lè má tíì mọ̀ nígbà yẹn pé a ti lóyún.