Ìwé ìgbanisíṣẹ́ méjì ló wà lọ́wọ́ mi: iléeṣẹ́ ńlá àbí start-up?

Ọmọ Tuntun
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù kẹta rèé tí mo kẹ́kọ̀ọ́ jáde, iṣẹ́ sọ́fítíwià ni mo kọ́. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ méjì ló wọlé fún mi lọ́sẹ̀ kan náà. Ọ̀kan wá láti iléeṣẹ́ ńlá tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, owó oṣù wọn dára. Èkejì wá láti start-up kan, iléeṣẹ́ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, tí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 14 lọ. Owó tiwọn kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn á fún mi ní ìpín nínú iléeṣẹ́. Àwọn òbí mi ní kí n má dán an wò, pé ibi tí orúkọ wà ni kí n lọ. Ọkàn mi ń fà sí kékeré yẹn, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo ní láti fèsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Ìbejì
Àbúrò, o kú oríire. Ìwé méjì lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ohun kékeré lásìkò yìí.

Iléeṣẹ́ tuntun ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo lo ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó lọ sí iléeṣẹ́ ńlá tí mo wà dòní. Mo ti jẹ nínú méjèèjì. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọ̀sẹ̀ kejì mi níbẹ̀, oníbàárà kan pè wá, inú ń bí i gidigidi. A ti yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ọjà kan ṣoṣo. Kò sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà lọ́dọ̀ wa, àwa náà ni ẹ̀ka. Ọ̀gá mi gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bá wọn sọ̀rọ̀, kí o mọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an." Mo bi obìnrin náà bó ṣe rà á. Ó ní òun tẹ bọ́tìnnì ìsanwó, ó kàn ń yí, kò dáhùn, ni òun bá tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Mo lọ wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wa, mo bá ìbéèrè méjì níbẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti tún un ṣe: bí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣeé tẹ̀ mọ́. A sì fún ọjà rírà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ̀rọ lè kọ èyíkéyìí tó bá tún fi nọ́ńbà kan náà wọlé. A dá owó obìnrin náà padà. Èmi ni mo pè é pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, ó sì dúpẹ́ títí.

Wo bí ọ̀nà yẹn ti kúrú tó. Ẹni tó gbọ́ ẹ̀dùn oníbàárà ló wá àléébù náà rí, òun ló tún un ṣe, òun náà ló gbọ́ nígbà tí inú oníbàárà rọ̀. Níbi tí mo wà báyìí, ẹ̀ka kan á gba ìpè, ẹ̀ka mìíràn á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹlòmíì á pinnu bóyá ó kan wá kíákíá tàbí kò kàn wá. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe, olúwarẹ̀ ò sì ní gbóhùn oníbàárà yẹn láéláé. Kì í ṣe pé wọn ò mọṣẹ́. Bí èèyàn bá ti pọ̀, dandan ni kí iṣẹ́ pín sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ mọ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó mọ bí odidi ṣe rí.

Kí n tó pé ọdún kan níbẹ̀, mo ti jókòó síbi tí a ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́ lẹ́nu wò. Mo ti gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń bá olùdókòwò sọ̀rọ̀. Mo rí bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ọjà. Mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa iṣẹ́ kan tì tí a ti fi oṣù márùn-ún kọ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó lò ó. Ọjọ́ yẹn dùn mí wọra. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, n kì í kọ ìlà kóòdù kan láì bèèrè ta ló fẹ́ ẹ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o wò kí o tó lọ: ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ yìí jù ọ́ lọ dáadáa, tó sì ráyè fún ọ? Bí kò bá sí, má lọ. Kò sẹ́ni tó máa tọ́ ọ sọ́nà, ìwàkuwà tí o bá fúnra rẹ kọ́ nínú iṣẹ́ sì máa ń ṣòroó fi sílẹ̀. Níbi yìí ni iléeṣẹ́ ńlá ti ju kékeré lọ ní tòótọ́: wọn á ka iṣẹ́ rẹ kí wọ́n tó gbà á wọlé, wọ́n ní ìlànà, wọ́n ní sùúrù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Jagunlabí
Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ni mo fọwọ́ sí. Àbúrò, lọ síbẹ̀! Ṣé o mọ̀ pé èèyàn 13 péré ló wà ní Instagram nígbà tí Facebook fẹ́ rà á ní bílíọ̀nù 1 dọ́là lọ́dún 2012? Ìpín yẹn ni kí o mú ojú tó.

Àǹtí Oníṣirò
Jagunlabí, jọ̀ọ́, má fi Instagram dá ọmọ ọlọ́mọ lọ́kàn sókè. Iṣẹ́ owó ni mo ń ṣe. Àbúrò, fara balẹ̀ ka èyí.

Ìpín tí wọ́n ń sọ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n á kó lé ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí o bá dé. Lọ́pọ̀ ibi, option ni: ẹ̀tọ́ láti ra ìpín lọ́jọ́ iwájú ní iye tí wọ́n dá sílẹ̀ lónìí. Ọdún 4 ni wọ́n sábà máa ń fi fún èèyàn tán, o sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pé ọdún 1. Bí o bá kúrò ní oṣù 11, òfo ni. Bí o bá pé oṣù 12, ìdá kan nínú mẹ́rin ti di tìẹ, ìyókù á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù.

Bí wọ́n bá ní àwọn á fún ọ ní 10,000, bi wọ́n pé: nínú mélòó? 10,000 nínú mílíọ̀nù 10 jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. 10,000 nínú mílíọ̀nù 1 jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó fẹ́ fi ìpín fà ọ́ wọlé, tí kò sì fẹ́ sọ iye àpapọ̀ fún ọ, èmi ò ní bá a ṣe.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, nítorí náà màá sọ tèmi. Mo lo ọdún 2 àti ààbọ̀ ní iléeṣẹ́ kékeré kan. Ire ni mo bá wọn pínyà. Ó wà nínú ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí pé ọjọ́ 90 ni mo ní láti ra ìpín mi bí mo bá ti kúrò. N kò kà á débẹ̀. Ọjọ́ 97 ni mo kọ̀wé sí wọn. Ìlà méjì ni èsì wọn, ìpín náà ti lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n kò sì fẹ́ kí ó ṣe ọ́. Ọjọ́ 90 yìí wọ́pọ̀ gan-an nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wá a rí nínú tìẹ kí o tó fọwọ́ sí i.

Ohun mìíràn ni pé bí wọ́n bá tiẹ̀ ta iléeṣẹ́ náà, àwọn olùdókòwò ló sábà máa ń kọ́kọ́ gba owó wọn. Bí wọ́n bá ti kó mílíọ̀nù 12 sí i, tí wọ́n wá tà á ní mílíọ̀nù 10, àwọn òṣìṣẹ́ lè má rí kọ́bọ̀. Nítorí náà, wo owó oṣù nìkan. Bí ó bá gbọ́ bùkátà rẹ, lọ. Bí kò bá gbọ́ ọ, má retí ìpín láti dí i.

Kí o sì bèèrè iye oṣù tí owó ọwọ́ wọn lè gbé wọn dé. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900 bá wà ní báǹkì, tí wọ́n ń ná ẹgbẹ̀rún lọ́nà 75 lóṣù ju èyí tó ń wọlé lọ, oṣù 12 ló kù. Ìbéèrè tí kò lójú tì nínú ni. Èmi ò ní wọ ibi tó bá kéré sí ọdún kan.

Jagunlabí
Àǹtí, mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. N kò mọ̀ nípa ọjọ́ 90 yẹn rí, mo ń lọ wo ìwé tèmi báyìí.

Bàbá Ìbejì
Àǹtí, ẹ ṣeun. Ọ̀pọ̀ start-up ló ń kú, kò yẹ ká pa á mọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí o kọ́ kì í bá wọn kú. Àwọn tó ṣe Slack, eré orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Glitch ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Eré náà kò lọ, wọ́n tì í pa lọ́dún 2012. Ohun èlò tí wọ́n ṣe fúnra wọn láti máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ eré náà ló di Slack.

Arìnrìnàjò
Kò tíì sẹ́ni tó bi í nípa físà. Àbúrò, orílẹ̀-èdè wo lo wà, ìwé wo lo fi ń gbé ibẹ̀?

Ọmọ Tuntun
Amẹ́ríkà ni, ẹ̀gbọ́n. OPT ni mo wà lórí rẹ̀, àṣẹ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè láti ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ lórí ohun tó kọ́.

Arìnrìnàjò
Ó dáa tí mo bèèrè. Bí o bá fẹ́ gba àfikún oṣù 24 tí wọ́n ń fún àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, àfi kí iléeṣẹ́ tó gbà ọ́ ti forúkọ sílẹ̀ ní E-Verify, ètò ìjọba tí iléeṣẹ́ fi ń wò ó bóyá òṣìṣẹ́ ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá sábà máa ń wà níbẹ̀. Èèyàn 14 lè má tíì ronú kàn án rí, kì í ṣe pé wọ́n burú. Bi wọ́n lónìí, nínú ímeèlì, kí èsì rẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ bá ọ kọ ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ sínú fọ́ọ̀mù I-983, kí ẹnì kan níbẹ̀ sì fọwọ́ sí i.

Má sì gbàgbé pé ọjọ́ tí o lè wà láìníṣẹ́ lórí OPT àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju 90 lọ ní àpapọ̀, àwọn ọjọ́ tí o ti fi wáṣẹ́ lẹ́yìn tí OPT rẹ bẹ̀rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ṣírò iye ọjọ́ tó kù fún ọ. Bí start-up náà bá kógbá sílé lójijì, iye yẹn ni àyè tí o ní láti rí ibòmíràn. Àwọn tó bá wà lórí H-1B, físà òṣìṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ń bá èèyàn gbà, ọjọ́ 60 ni tiwọn, bí àkókò tí wọ́n fún wọn láti gbé ibẹ̀ kò bá ní tán ṣáájú.

Ọmọ Tuntun
Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo kọ̀wé sí wọn lánàá, wọ́n ti fèsì. Wọ́n wà ní E-Verify. Owó ọwọ́ wọn á gbé wọn fún oṣù 16. Wọ́n sọ iye ìpín gbogbo fún mi láì janpata, ọjọ́ 90 yẹn sì wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe wí. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún 11, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ní mo máa wà. Wọ́n ní kí n bá a sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Kí ni kí n bi í?

Bàbá Ìbejì
Bi í pé iṣẹ́ wo ni yóò gbé lé ọ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí o wá dákẹ́ gbọ́. Bí ó bá lè dárúkọ iṣẹ́ náà, tó sì sọ bí òun yóò ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú rẹ, a jẹ́ pé ó ti ń ronú nípa rẹ. Bí ó bá ní "wàá rí i tí o bá dé," tún un bi. Lẹ́yìn náà, bi í nípa ẹni tó wọṣẹ́ kẹ́yìn ṣáájú rẹ, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe báyìí tí kò mọ̀ nígbà tó dé.

Ọmọ Tuntun
Mo ti kọ méjèèjì sílẹ̀, sà. Agogo méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Màá padà wá sọ ohun tó wí.