Ọmọ tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀: kí lojú tiyín rí?

Ìyá Ọmọ Méjì:
Ọmọ mi kejì pé ọdún 2, "mámà" àti "rárá" nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ti ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: "omi dà", "gbé mi". Gbogbo ẹbí ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Mo gbà, torí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ìka rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á nàka sí ẹyẹ, á wá wojú mi bóyá mo rí i. Èyí kì í nàka. Tó bá fẹ́ nǹkan, ọwọ́ mi ni yóò fà lọ síbẹ̀.

Mo rò pé onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ yóò gbé ọmọ jókòó, yóò máa kọ́ ọ ni. Àṣé èmi ni akẹ́kọ̀ọ́! Ó ní kí n yéé bi í pé "kí lèyí?" Ohun tó bá ń wò ni kí n dárúkọ, kí n sì dákẹ́, kí n ka ení dé ẹ̀wá nínú mi. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi. Bó bá ní "bọ́ọ̀lù", kí n fi kún un: "bọ́ọ̀lù ńlá".

Bàbá Àbíkẹ́yìn:
Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ṣé wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò? Olórí kunkun la pe tiwa, torí a á pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Àṣé omi ló kó sẹ́yìn ìlù etí rẹ̀, tó ń gbọ́ wa bí ẹni tó ki orí bọ odò. Mo ti nà án rí lórí àìdáhùn yẹn. Ó ṣì ń dùn mí.

Àǹtí Olùkọ́:
Wọ́n ní kí n má sọ èdè abínibí mi sí tèmi mọ́, pé èdè méjì ló dà á láàmú. Irọ́ gbáà. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń sọ èdè tí kò dán lẹ́nu mi. Orin àti àwàdà tán nílé. Bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ tí ọmọ mọ̀, ẹ ka ti èdè méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọ̀rọ̀ wá ń pòórá lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fi falẹ̀ rárá.

Ìyá Ọmọ Méjì:
Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, sà, ó gbọ́ran dáadáa. Lálẹ́ àná ó nàka sí òṣùpá, ó yíjú wò mí. Mo ní "òṣùpá", mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo kà dé èje kó tó ní "pá".