Bíà tí mo fi ṣí ṣọ́ọ̀bù mi: ṣé ó ti bàjẹ́ ni, àbí ẹnu wa ló yí?

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Peckham:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí ọ̀rọ̀ ọtí lásán, ohun tí mo fi ń jẹun ni.

Ṣọ́ọ̀bù ọtí kékeré ni mo ní nítòsí Rye Lane. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì kan ń pọn bíà lábẹ́ afárá rélùwéè ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí. Àwọn fúnra wọn ló ń fi ọkọ̀ gbé e wá fún mi, wọ́n sì ń tà á fún mi láwìn nígbà tí nǹkan kò tíì rọgbọ. Tí ẹ bá ṣí agolo kan, òórùn ọsàn á ti gba gbogbo iwájú káńtà kí ẹ tó dà á sí kọ́ọ̀bù. Òun ni àwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wá.

Ní báyìí, wọ́n ti kó lọ sí ilé ńlá lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù. Ọtí wọn ti wọ sùpámákẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n sì ń tà á níbẹ̀ kéré sí iye tí èmi fi ń rà á lọ́wọ́ alágbàtà. Inú mi dùn pé iṣẹ́ wọn gbòòrò. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ní ó ti di omi. Mo tọ́ ọ wò, òórùn ọsàn yẹn kò sí mọ́, adùn kan bíi ti páálí tó rin ló kù sí mi lẹ́nu. Agbára ọtí 4.8% ni wọ́n kọ sára agolo tẹ́lẹ̀, 4.3% ló wà níbẹ̀ báyìí.

Wọ́n wá mú ìwé wá pé kí n buwọ́ lù ú: ọdún kan gbáko ni n ó fi máa ra iye páálí ọtí kan pàtó lóṣooṣù. Wọ́n á gbé fíríìjì wá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọtí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀. Ọmọ mi ní kí n kọ̀. Ojú ń tì mí láti kọ̀ fún ẹni tó ṣe mí lóore. Kí ni kí n ṣe?

Apọntí Leeds:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ilé ìpọntí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ dojú agolo yẹn dé, kí ẹ ka déètì tó wà nídìí ẹ̀. Bíà tí hops, òdòdó tó ń fún bíà ní òórùn àti ìkorò, pọ̀ nínú ẹ̀ kì í fẹ́ pẹ́ nílẹ̀. Òórùn hops ló kọ́kọ́ ń lọ, tí atẹ́gùn bá sì ráyè wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n rọ ọ́ sínú agolo, adùn páálí yẹn gan-an ló ń tẹ̀ lé e. Ooru ló máa ń jẹ́ kó tètè ṣẹlẹ̀. Láyé ìjọ́sí, láti táńkì ló ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín tààrà. Ní báyìí, ilé ìkẹ́rù alágbàtà ló ń gbà kọjá, bóyá láìsí fíríìjì.

Mi ò ní kí ìdàgbàsókè má lọ́wọ́ sí i o. Nínú táńkì gíga, ìwúwo omi tó wà lórí ìwúkàrà kì í jẹ́ kó mú òórùn èso jáde bíi ti táńkì kékeré. Sùpámákẹ́ẹ̀tì náà ń fẹ́ ọtí tó lè lo oṣù mélòó kan lórí pẹpẹ, ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí tó ń gbòòrò a wá máa sẹ́ tiwọn, wọ́n á sì fi ooru pa kòkòrò inú ẹ̀. Yóò pẹ́ nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan á bá a lọ.

Ti 4.3% yẹn, owó orí ni mo fura sí. Bí bíà bá ṣe rọ̀ tó nílẹ̀ yìí ni owó orí ẹ̀ ṣe ń kéré tó. Nígbà tí òfin tuntun wọlé ní 1 August 2023, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló dín agbára ọtí wọn kù.

Ẹ ra tuntun lẹ́nu ọ̀nà ilé ìpọntí wọn. Kí ọmọ yín bu kọ́ọ̀bù mẹ́ta láìjẹ́ kí ẹ rí i: tuntun méjì, ti ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹ wò ó bóyá ẹ ó lè mú èyí tó yàtọ̀.

Bọ̀dá Deptford:
Àbúrò, àlàyé yín dára, ṣùgbọ́n ọkàn náà lọ́wọ́ sí i. AB InBev, ilé iṣẹ́ bíà ńlá kan, ra ilé ìpọntí Goose Island ti Chicago ní 2011, ó ra Camden Town níbí ní 2015. Heineken, ilé iṣẹ́ ńlá mìíràn, ra lára ilé ìpọntí Beavertown ti Lọ́ńdọ̀nù ní 2018, ó gba gbogbo ẹ̀ ní 2022. Ìròyìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í tíì tutù tí àwọn tó ń mu ún á ti ní ó ti yí padà, bẹ́ẹ̀ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n tó ta ilé ìpọntí náà ni wọ́n ti pọn ọ́n. A máa ń fẹ́ kí ohun tí a kọ́kọ́ mọ̀ jẹ́ tiwa nìkan. Ilé ìpọntí The Kernel ní Bermondsey, láti 2009, kò sáré di ńlá, àwọn èèyàn ṣì fẹ́ràn wọn. Ọ̀nà méjèèjì ló wà.

Màmá Ìkọ̀lé:
Òtíkà ni ìyá mi àgbà ń pọn. Wọ́n á rẹ ọkà bàbà, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó sè é. Tí ọdún bá dé, tí àwọn oníbàárà pọ̀, wọn kì í wá ìkòkò tó tóbi jù, ìkòkò bíi tàtijọ́ ni wọ́n ń fi kún un. Ọjọ́ tó bá dé ojú ẹ̀ ni wọ́n ń tà á tán, torí tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan.

Alájàpá Woolwich:
Ìyá wa, ẹ má buwọ́ lu ìwé yẹn. Oore ni wọ́n ṣe, ẹ sì ti san án pẹ̀lú gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń polówó wọn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wọ́n. Fíríìjì ọ̀fẹ́ tí ẹ kò lè fi ọtí ẹlòmíràn sí, àyè inú ṣọ́ọ̀bù yín ni wọ́n fi ń gbà. Tí àwọn oníbàárà bá kọ ọtí náà ní oṣù kẹta, ta ni yóò ru oṣù mẹ́sàn-án tó kù?

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Peckham:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọmọ mi bu kọ́ọ̀bù mẹ́ta náà, mo sì mú ti ṣọ́ọ̀bù jáde láì ronú lẹ́ẹ̀mejì. Déètì ìdí agolo fi hàn pé ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti rọ ọ́. Tuntun yẹn dùn, òórùn ọsàn wà nínú ẹ̀. Kò le tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n mo lè tà á láìtijú.

Mo pe ọ̀gá wọn. Ó ní òun kò mọ̀ pé ọtí ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà. Mo ní mi ò gba fíríìjì, mi ò sì buwọ́ lùwé ọdún kan, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń gbé e wá fún mi tààrà, n ó máa rà á lóṣù-lóṣù. Ó ní òun á fèsì lórí iye lọ́jọ́ Ẹtì.

Apọntí Leeds:
Ó dára bẹ́ẹ̀ mà. Kí ẹ tó gbà, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọtí tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú agolo kò ní wọ ṣọ́ọ̀bù yín, àti pé èyí tó bá wọlé, wọ́n á gbà á padà.