Ìtàn ìlú ni, kì í ṣe "ìtàn abẹ́lé"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kọ̀wé pé ẹgbẹ́ tí àwa ọmọ agbo-ilé ní Ìbàdàn dá sílẹ̀, tí a ti ń pàdé sọ̀rọ̀ nípa bí ìlú ṣe rí látijọ́, kò ní orúkọ tó bójú mu. Wọ́n wá bá wa ṣẹ̀dá ọ̀kan: "Ẹgbẹ́ Olùṣèwádìí Ìtàn Abẹ́lé". Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ o, ṣùgbọ́n n kò gba "abẹ́lé" yẹn wọlé rárá.

Abẹ́ ilé ni abẹ́lé. Gbogbo wa la mọ ogun abẹ́lé, èyí tí Nàìjíríà jà láti 1967 sí 1970, tí àwọn tó jọ wà lábẹ́ òrùlé kan dojú ìbọn kọra wọn. Ìtàn abẹ́lé, létí tèmi, ọ̀rọ̀ ìdílé ni, ohun tí wọn kì í sọ lójú àlejò. Báwo ni ẹgbẹ́ tí gbogbo ará ìlú lè wá jókòó sí ṣe máa jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ sì jẹ́ kí akunlé kan kọ ọ́ sára pátákó láìfi àmì sí i, "Itan Abele", kí ẹ wá wo iye ẹni tí yóò kà á sí abẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀! Fáwẹ̀lì kan àti ohùn kan péré ló wà láàárín wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ohùn kò tó ìjà. Ní ìpàdé wa kan ní Ọjàaba, ìyá àgbà kan mú rìsíìtì owó-orí bàbá wọn wá, tí wọ́n ká sí mẹ́rin sínú ọ̀rá. Ìwé náà ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Akọ̀wé ayé ìgbà náà kọ orúkọ agbo-ilé wọn síbẹ̀ ní "Ile Aje", kò sí àmì kankan lórí ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kà á fún wa pè é ní Ilé Àjẹ́. Ìyá dìde fùú, wọ́n gba ìwé wọn lọ́wọ́ rẹ̀. "Ajé ni! Ajé tí a fi ń kọ́lé, tí a fi ń fẹ́yàwó!" Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ki oríkì ilé náà, gbogbo wa dákẹ́.

Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Kò sí ọ̀gá, kò sí olùkọ́, àwa la ń dá owó àga. Agbo-ilé tó bá kàn ló ń kó ohun tó ní wá: fọ́tò, ìwé ilẹ̀, oríkì orílẹ̀. Bí ilé méjì bá ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé àdúgbò, a ó kọ ti méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Àbúrò wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ká kúkú pè é ní "ìtàn ìbílẹ̀", níwọ̀n ìgbà tí ìjọba ìbílẹ̀ ti wà. Àbúrò, ìbí wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ta ni wọ́n bí sórí ilẹ̀ Ìbàdàn nínú àwọn ẹni ìṣáájú tí ìtàn ń pè lórúkọ? Àwọn ọmọ ogun Ìfẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ ló tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1829. Olúyọ̀lé, Ọ̀yọ́ Ilé ló ti wá, ọmọ ọmọ Aláàfin Abíọ́dún ni nípa ti ìyá. Bàbá Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ọmọ Ẹ̀gbá. Àwọn àgbà ló kúkú sọ ọ́ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Oògùn àti aṣọ ni kẹ́ ẹ máa pè ní ìbílẹ̀, nítorí pé tòkè òkun wà. Ìlú ló gba onílé àti àlejò pọ̀.

Ẹ wo bí Akínyẹlé ṣe ṣe é ní 1911, kó tó di Olúbàdàn ní 1955. Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ló pe ìwé rẹ̀, ó sì fi díẹ̀ nínú "àwọn ìlú agbègbè rẹ̀" kún un: Ìwó, Òṣogbo, Ìkìrun. Ìlú àti agbègbè tó o. Kò wá abẹ́lé kankan lọ.

Ẹni tó dá a lábàá pé ká máa jẹ́ arọ́kin, ìyẹn àwọn tó ń pìtàn fún ọba, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ààfin Ọ̀yọ́ ló ni arọ́kin, oyè ni. A kì í kàn fi ìwé gba oyè olóyè.

Ó wá ku "olù-" inú "Olùṣèwádìí" yìí, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí. Òṣìṣẹ́ wà, òṣèlú wà, òṣèré wà, òpìtàn náà wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn tó kàwé ní yunifásítì ló ni òpìtàn, kí àwa máa jẹ́ apìtàn, wọ́n sì fi akọ̀wé àti òǹkọ̀wé gbè é lẹ́sẹ̀. Lóòótọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìyá tó ki oríkì Ilé Ajé láìwo ìwé, ta ló fẹ́ gba òpìtàn lọ́wọ́ wọn? Ẹgbẹ́ Òpìtàn Ìlú ni mo fọwọ́ sí. Kí ẹ̀gbọ́n dá mi lóhùn lórí ìyá yẹn kí a tó tún fa ọ̀rọ̀ apìtàn síwájú.