Ínsípẹ́tọ̀ wá ka hẹ́límẹ́ẹ̀tì wa: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí níbi iṣẹ́ eléwu

Ọmọ Olósùnta:
Ẹ kú ilé o. Èmi ṣiṣẹ́ ní kúárì kan lápá Ìkẹ́rẹ́ fún ọdún 3, àwa la máa ń gbẹ́ ihò sínú àpáta kí àwọn tó ń ki ẹ̀tù tó dé. Lọ́jọ́ tí ínsípẹ́tọ̀ máa wá, ọ̀gá wa ti gbọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, ló bá ní ká lọ yá hẹ́límẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́lé lọ́nà Adó, pupa rẹ́súrẹ́sú, orúkọ àwọn tó ni í ṣì wà níwájú ẹ̀. Bàbá náà dé, ó ka hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ó ka bọ́ọ̀tù, ó fi bírò máàkì gbogbo ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò bi ẹnì kankan nínú wa pé tí ihò kan ò bá wá dún ńkọ́. Kò pé oṣù kan sígbà yẹn, wọ́n ki ihò 12, mò ń kà á bó ṣe ń dún, 11 ni mo kà. Ọ̀gá ní méjì ló dún pọ̀, pé tírélà ti ń dúró. Ẹni tó ń wa katapílà ló rí okùn iná ẹ̀tù tí ò tíì dún, tó yọrí lábẹ́ òkúta, ó fò bọ́ọ́lẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú katapílà, a ò rí i mọ́ títí di ọjọ́ kejì.

Ará Ìjerò:
Àbúrò, a dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Orí òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo lápá Scotland lèmi ti ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ló máa kọ ọ́ pé ohun tó lè pa wá rèé, ohun tá a fi dè é rèé, tíjọba ò bá gbà á, iṣẹ́ ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀. Safety case ni wọ́n ń pè é. Piper Alpha, ibi ìwapo kan lórí òkun níbẹ̀, ló fà á, July 1988: wọ́n yọ fáàfù kan lára pọ́ǹpù láti tún un ṣe, àwọn tó gbaṣẹ́ lálẹ́ ò rí ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n tan pọ́ǹpù, gáàsì jò, ó bú gbàmù, èèyàn 167 kú. Lord Cullen tó ṣèwádìí ẹ̀ tún ní kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ààbò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń wá bí epo ṣe máa pọ̀, ẹni tó ń ta gàrí kọ́ ló yẹ kó máa yẹ kóńgò ara ẹ̀ wò. 1992 lòfin ọ̀hún jáde. Ó dáa ju kíka bọ́ọ̀tù lọ lójú tèmi.

Ọmọ Olósùnta:
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá wa yẹn? Business centre ló máa gbà lọ, wọ́n á bá a da tẹlòmíì kọ! Òyìnbó gan-an ń ṣe é. 2010 tí kànga epo iléeṣẹ́ BP bú gbàmù lókun Amẹ́ríkà, èèyàn 11 kú, ìgbà tí wọ́n wá yẹ ìwé ètò wọn fún bí epo bá dà sókun wò, wọ́n ka walrus, ẹranko tó ń gbé níbi yìnyín, mọ́ àwọn ẹranko tó wà ní Gulf of Mexico, òkun tí kànga yẹn wà, tí ò sí yìnyín níbẹ̀.

Ìyá Gáàsì:
Èmi ò mọ tòyìnbó o, gáàsì ni mò ń tà l'Adó. Ínsípẹ́tọ̀ tó wá bá mi ò wo panápaná tí mo ti nù tó ń dán gbinrin. Ọmọ tó ń bá mi rọ gáàsì ló pè, ó ní kó dijú, kó lọ fọwọ́ kan ibi tó máa tì tí gáàsì bá ń jò. Ọmọ yìí lọ di ẹ̀rọ omi mú! Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù mi pa fọ́sẹ̀ méjì, mo sunkún, mo tún ṣépè díẹ̀ mọ́ ọn. Mo ti fi ọ̀dà pupa kun fáàfù yẹn báyìí, tílẹ̀ bá ti ṣú, ọmọ náà á dijú, á lọ dì í mú, kí n tó fún un lówó ọkọ̀.